Núdù tí kò ní kábù púpọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà: èwo ni ká mú, báwo la ṣe ń sè é?

Ọmọ Àdùkẹ́ (Lewisham)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará ìdáná. Ìyá mi ti wá bá wa gbé láti Ìjẹ̀bú, dókítà sì ti ní kí wọ́n dín oúnjẹ oníkábù (carbohydrate, èyí tó ń di ṣúgà nínú ara) kù nítorí àtọ̀gbẹ. Wọ́n ti gbà láti máa jẹ ẹ̀bà àti iyán níwọ̀nba. Indomie ni wọn ò fẹ́ fi sílẹ̀, pàápàá lálẹ́, pẹ̀lú ẹyin àti ata rodo. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Vietnam ní Deptford, pé núdù kan wà níbẹ̀ tí kì í gbé ṣúgà sókè. Mo lọ. Núdù tó wà níbẹ̀ kọjá ohun tí mo rò. Òmíràn funfun, òmíràn mọ́ gaara bíi dígí, òmíràn wà nínú omi, òmíràn wà nínú fíríìjì, n kò sì lè ka èdè tó wà lára púpọ̀ nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú, báwo ni mo sì ṣe máa sè é tí ìyá mi á fi jẹ ẹ́?

Ìyá Ìbejì (Croydon)

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí o ò gbọdọ̀ mú, nítorí òun ló ń tan èèyàn jẹ jù.

Èyí tó mọ́ gaara tó sì gbẹ, fi í sílẹ̀. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, èèyàn á rò pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, àmọ́ sítáàṣì pọ́ńbélé ni. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní fensi, 粉丝 ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní mung ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé “ẹ̀wà ni, kò léwu”. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe é, sítáàṣì ẹ̀wà náà nìkan ni wọ́n yọ, púrótéènì àti èèpo ti lọ. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀ ní gbígbẹ, kábù tó nǹkan bíi gíráàmù 86. Ìyẹn ju ti Indomie gan-an lọ. Ti Kòríà tó nípọn, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, dangmyeon, 당면, ọ̀dùnkún ni wọ́n fi ń ṣe é, ibì kan náà ni òun náà wà. Harusame ti Jàpáànù kò yàtọ̀. Núdù ìrẹsì funfun náà, ìrẹsì ni. Soba tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n máa ń sọ pé ó dára fún ara, àlìkámà ló máa ń wà nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkà buckwheat, kábù rẹ̀ ò sì kéré.

Èyí tí ò ń wá kì í gbẹ. Inú omi ló máa ń wà, nínú ọ̀rá rọ̀bọ̀tọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tofu (wàrà ẹ̀wà sóyà) nínú fíríìjì tàbí lórí pẹpẹ. Tẹ̀ ẹ́ wò, wàá gbọ́ omi nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní Jàpáànù ni shirataki, しらたき. Èyí tó nípọn díẹ̀ ni ito konnyaku, 糸こんにゃく. Àwọn ará Ṣáínà ń kọ ọ́ ní 魔芋 tàbí 蒟蒻, Kòríà ní 곤약, ti Vietnam ní nưa. Ní Gẹ̀ẹ́sì, konjac ni. Ya àwòrán àwọn lẹ́tà yìí sórí fóònù rẹ kí o tó jáde.

Ẹbí kókò ni ohun ọ̀gbìn náà. Iṣu rẹ̀ ń ta nínú ilẹ̀, bí èèyàn bá sì fi ẹnu kàn án ní tútù, á yún ún lọ́fun gẹ́gẹ́ bí kókò ṣe ń ṣe. Ní Jàpáànù, agbègbè Gunma nìkan ló ń gbin èyí tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á sì fi calcium hydroxide sí i kó lè dì. Fáíbà tó wà nínú rẹ̀, glucomannan, kì í dà nínú ikùn wa, nítorí náà kì í di ṣúgà. Omi ló kó nǹkan bí ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún núdù náà. Ọ̀rá kan tó wọn gíráàmù 200, kálórì rẹ̀ kì í sábà ju 20 lọ.

Ìkejì, èyí tí èmi fẹ́ràn jù fún àgbàlagbà: núdù tofu. 豆腐丝 ni wọ́n ń kọ, doufu si, tàbí 干丝, tàbí 千张 bó bá jẹ́ pé ó ṣì wà ní pẹlẹbẹ tí wọn ò tíì gé e. Ẹni tó bá mọ béskè mọ tofu. Èyí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí omi fi jáde, wọ́n sì gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Púrótéènì rẹ̀ lè tó gíráàmù 20 nínú 100, kábù rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi 6 lọ. Fíríìjì tàbí fírísà ni wàá ti rí i. Ó ń yó èèyàn, konjac kì í yó èèyàn pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Kékeré (Houston)

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ fi èyí kún un. Àwa tí a wà ní apá Alief àti Bissonnet, ẹ̀gbẹ́ wa ni Bellaire Boulevard wà pẹ̀lú àwọn ṣọ́ọ̀bù Ṣáínà àti Vietnam rẹ̀, a ò níṣòro ibi tí a ó ti rí i. Ohun tó ń da àwọn èèyàn wa rú ni ẹ̀yìn ọ̀rá.

Lọ́dọ̀ wa níbí, iye kábù tí wọ́n kọ ti ní fáíbà nínú. Ìwọ fúnra rẹ lo máa yọ fáíbà kúrò. Bí wọ́n bá kọ kábù 6, tí fáíbà jẹ́ 5, 1 péré ló kù tó lè di ṣúgà. Ní UK kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n ti yọ fáíbà kúrò kí wọ́n tó kọ iye kábù, ìlà tirẹ̀ ni fáíbà sì wà. Nítorí náà, ẹni tó wà ní London tó tún ń yọ fáíbà ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rí fídíò ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìṣirò, ẹ má ṣe é tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀rá tí ẹ rà ní Croydon.

Ti Jàpáànù rọrùn tí ẹ bá mọ lẹ́tà mẹ́ta yìí: 炭水化物 ni gbogbo kábù, 食物繊維 ni fáíbà, 糖質 ni èyí tó ń gbé ṣúgà sókè. 糖質 ni kí ẹ máa wò. Lára ti Ṣáínà, 千焦 ni kilojoule, kì í ṣe kálórì. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá náà bà yín lẹ́rù, ẹ pín in sí 4.2. Ti Kòríà, 탄수화물 ni kábù, 식이섬유 ni fáíbà.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Bí konjac bá wà nínú orúkọ, ṣùgbọ́n tí 淀粉, 澱粉 tàbí 전분 wà lókè nínú ohun tí wọ́n kó sí i, sítáàṣì ni wọ́n ti pò mọ́ ọn. Mo ti rí ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ti gbágùúdá nínú irú rẹ̀. Àwọn tó gbẹ tí wọ́n ní konjac lórúkọ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ jù.

Ó ku ọ̀kan. Lára núdù konjac tí wọ́n pò mọ́ tofu, ẹ lè rí i tí wọ́n kọ “yam flour”. Kì í ṣe èlùbọ́, kì í ṣe iṣu tí a ń gún. Konjac náà ni. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyá wa ti dá a padà sórí pẹpẹ.

Ọmọ Àdùkẹ́ (Lewisham)

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀yin UK, ṣé Gẹ̀ẹ́sì máa ń wà lára rẹ̀ rárá?

Ìyá Ìbejì (Croydon)

Ó yẹ kó wà. Òfin ilẹ̀ yìí ni pé kí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ẹni tó kó o wọlé máa ń lẹ sítíkà kékeré mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rá, ìgbà míì lórí lẹ́tà Ṣáínà gan-an. Yí ọ̀rá náà, wàá rí i. Ibi tí wọn ò bá lẹ nǹkan kan, má rà á fún ẹni tó ń tọ́jú ṣúgà.

Olùtọ́jú (Leeds)

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, nọ́ọ̀sì ni mí. Kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀, oògùn wo ni wọ́n ń lò? Bó bá jẹ́ metformin nìkan, kò sí wàhálà ńlá. Bó bá jẹ́ insulin tàbí gliclazide, ẹ gbọ́dọ̀ bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì àtọ̀gbẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi oúnjẹ tí kò ní kábù rọ́pò èyí tó ní. Ìwọ̀n oògùn tí wọ́n fún wọn bá oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ mu. Bí kábù bá dédé lọ tí oògùn ṣì wà bó ṣe wà, ṣúgà lè já wálẹ̀ lóru: òógùn tútù, ara gbígbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí kò já geere. Alẹ́ ni ẹ sì ní wọ́n ń jẹ Indomie. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré èyí.

Fáíbà konjac tún lè dá oògùn dúró nínú ikùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo oògùn wọn ní wákàtí kan ṣáájú, bí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo levothyroxine fún ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn, kí ó jẹ́ kí àyè wà láàárín oògùn yẹn àti núdù sóyà.

Konjac kì í yọ́ lẹ́nu. Ẹ gé e kúkúrú fún àgbàlagbà àti ọmọdé, kí wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa, kí wọ́n sì mu omi. Àwọn jẹ́lì konjac inú kọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà ní ẹnu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀bù kan níjọ́ sí, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dè é ní 2003 nítorí pé ó ń há ọmọdé lọ́fun. Núdù kò sí lábẹ́ òfin yẹn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí oúnjẹ bá ń há lọ́fun tẹ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún, kó yan ti tofu.

Alàgbà (Birmingham)

Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí a ń wá oúnjẹ àjèjì kiri? Ẹ̀fọ́ rírò, ilá, ewédú, ẹja, ìgbín, gbogbo rẹ̀ ló wà, kò sì sí kábù tó ṣe pàtàkì nínú wọn. Àwọn bàbá wa ò mọ konjac.

Ìyá Ìbejì (Croydon)

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀fọ́ sì ni mo máa kọ́kọ́ bù sínú àwo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ yìí sọ: ìyá rẹ̀ fẹ́ nǹkan gígùn tó ń fà lórí fọ́ọ̀kì, tó ní ata, tó gbóná, lálẹ́. Ẹni tí a bá gba gbogbo ohun tó fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ padà sí i, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá wò ó. Èyí tó jọ ọ́ tí kò pa á lára, mo rò pé ó yẹ ká fún un.

Aṣebẹ̀ (Manchester)

Ó tó àsìkò ká gbé ìkòkò kaná. Bí ẹ ṣe máa sè é ló máa pinnu bóyá ìyá á jẹ ẹ́ tàbí wọ́n á tì í sẹ́yìn.

Bí ẹ bá gé ọ̀rá shirataki, òórùn ẹja ló máa kọ́kọ́ kí yín. Kò bàjẹ́ o, omi tí wọ́n fi pa á mọ́ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ da omi náà nù, ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ máa fọwọ́ yí i. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì-mẹ́ta nínú asẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tó ní iyọ̀ àti ṣíbí fíníìgà kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Òórùn ti lọ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù rèé: wọ́n á gbé e láti inú omi, wọ́n á dà á sínú ata. Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé páànù gbígbẹ kaná, láìfi òróró sí i, ẹ da núdù náà sí i, ẹ máa rò ó lórí iná tó mọ níwọ̀n. Èéfín omi á máa jáde, núdù á máa dún wín-ín-wín-ín nínú páànù. Ẹ má gbé e kalẹ̀. Bí èéfín bá ti ń dín kù, tí núdù náà sún kì díẹ̀, tí kò dán mọ́, ó ti tó. Ó lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ó sinmi lé bí páànù ṣe fẹ̀ tó. Omi tí ẹ ò bá lé jáde níbí, inú ọbẹ̀ ló máa jáde sí, ata yín á ṣàn, núdù á máa yọ̀ tẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Mo mọ ọ̀pọ̀ tó sọ pé àwọn ò fẹ́ konjac, tó sì jẹ́ pé wọn ò yan án gbẹ rí.

Ẹ gbà mí gbọ́ lórí ìkejì: iyọ̀ àti máàgì kì í wọ inú rẹ̀. Ara rẹ̀ ni gbogbo adùn ń dúró sí. Nítorí náà ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ ki, kó ta, kó lẹ̀ mọ́ ọn. Ata díndín tó lọ́mi kò bá a mu. Ẹ lọ tàtàsé, rodo àti àlùbọ́sà, ẹ sè é títí omi fi gbẹ, ẹ dín in nínú òróró díẹ̀ pẹ̀lú irú àti edé. Káárì àti táìmù, kó lè jọ ohun tí ìyá mọ̀. Ẹ da núdù gbígbẹ náà sí i, ẹ jẹ́ kó wà lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹyin méjì tí ẹ ti dín sọ́tọ̀ ni kí ẹ gé lé e lórí. Ẹyin yẹn ṣe pàtàkì o, konjac fúnra rẹ̀ kò ní púrótéènì tó lè gbé èèyàn dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ayamáṣe bá a mu gidigidi. Bó bá jẹ́ ọbẹ̀ olómi tí à ń mu lẹ fẹ́, pepper soup náà ṣeé ṣe, nítorí pé kì í wú, kì í sì í rà bí Indomie. Ẹ lè jẹ́ kó pẹ́ nínú omi ẹja tó ń hó, bí àwọn ará Jàpáànù ṣe ń sè é nínú ọbẹ̀ olómi wọn tí wọ́n ń pè ní oden. Ní agbègbè Sichuan ní Ṣáínà, wọ́n máa ń se èyí tí wọ́n gé ní bẹ́dẹbẹ̀dẹ pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ àti ata púpọ̀. Ata kò ṣàjèjì sí i.

Ìyá Ìbejì (Croydon)

Ti tofu rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fi baking soda ìdajì ṣíbí kékeré sínú omi gbígbóná, rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á rọ̀, kí o wá fọ̀ ọ́ dáadáa kí adùn sódà má bàa kù níbẹ̀. Kò nílò yíyan. Èmi máa ń gé e sínú ẹ̀fọ́ rírò, á wọnú ẹ̀fọ́ náà bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́. Adùn ń wọ inú tirẹ̀.

Àìná (New Malden)

Ní ọ̀dọ̀ wa níbí tí àwọn ará Kòríà pọ̀ sí, ẹ tún máa rí cheonsachae, 천사채, núdù tí wọ́n fi ohun tí wọ́n fà jáde lára ewé òkun ṣe. Ó mọ́ gaara, ẹ má ṣì í mú fún fensi: èyí wà nínú omi, ó sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́yín. Kábù rẹ̀ kéré gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó ní baking soda àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, á rọ̀ lójú yín, kí ẹ fọ̀ ọ́. Fún sàláàdì ló dára, n kò rò pé ìyá tó ń wá Indomie á fẹ́ ẹ.

Èyí tí wọ́n á fẹ́ ni núdù sóyà gbígbẹ, ti edamame (ẹ̀wà sóyà tútù) tàbí ẹ̀wà sóyà dúdú. Òun nìkan ni mo mọ̀ nínú èyí tó gbẹ tó yẹ kí ẹ fún láyè. Ó lè ní púrótéènì tó lé ní gíráàmù 40 nínú 100. Kábù rẹ̀ pọ̀ ju ti konjac lọ, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n, àmọ́ ó jọ núdù gidi lẹ́nu.

Ọmọ Àdùkẹ́ (Lewisham)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pe nọ́ọ̀sì àtọ̀gbẹ wọn, metformin nìkan ni wọ́n ń lò, ó sì ní kí a máa yẹ ṣúgà wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀. Ìbéèrè ìkẹyìn: ṣé mo lè ra púpọ̀ kí n kó o sí fírísà?

Aṣebẹ̀ (Manchester)

Konjac, rárá. Bó bá ti dì bíi yìnyín, omi á jáde nínú rẹ̀, á le bíi rọ́bà, kò sì ní padà mọ́. Inú ọ̀rá rẹ̀ níbi tó tutù ni kó wà, ó máa ń pẹ́ níbẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Èyí tí ẹ bá ti ṣí, ẹ da omi tútù mímọ́ lé e nínú abọ́ tó ní ìdérí, ẹ fi í sí fíríìjì, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti tofu ni kí ẹ kó sí fírísà. Ẹ pín in sí ìwọ̀n oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kó tó dì, kí ẹ má bàa máa fi ọ̀bẹ gé yìnyín lálẹ́.